Ibi tí Adìẹ Bá Sùn Sí

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì máa mẹ́nu kan àwọn kan nínú wọn bí mo bá ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n òun ló ṣáájú, ó sì yẹ kí a fi olúkúlùkù sí ipò tó tọ́ sí i.

Adìẹ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sin mí láti Àjàgbà lọ sílé ọkọ ní Ìkọ̀yà, ìyá mi fa àgbébọ̀ adìẹ kan lé mi lọ́wọ́. Adìẹ aláwọ̀ eérú ni, irú èyí tí kì í ní ìyẹ́ lọ́rùn. Ìyá mi kò gbàdúrà gígùn. Ohun tó sọ ni pé, "Bí ẹyin bá wù ọ́ jẹ nílé ọkọ, má tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wà nílé bàbá wọn nígbà tí mo dé. Ó ti lọ sílé ọkọ tirẹ̀ rí, ó sì ti padà. Dálémosú ni Yorùbá ń pe irú wọn. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ilé ìdáná rẹ̀ wà láàárín ilé tirẹ̀ àti ilé tiwa, pupuru ló sì ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹni tó ń ka èyí kì í bá ṣe ará ibí, kó mọ̀ pé oúnjẹ Ìkálẹ̀ ni pupuru. A máa rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ kúrò, a ó mọ ọ́n róbótó bí orí ọmọdé, a ó wá tò ó sórí àjà kó máa yá èéfín títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Nítorí náà iná kì í kú nílé ìdáná ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ní ẹ̀ẹ̀rùn, ní òjò.

Mo so adìẹ mi mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, kó lè mọ ilé. Nígbà tí mo tú u, ó mọ ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mọ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn. Ibẹ̀ ló yé ẹyin sí, ibẹ̀ ló sì sàba lé wọn. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ohùn àwọn òròmọdìẹ, mo gbé agbọ̀n, mo lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá kó adìẹ mi àti àwọn ọmọ rẹ̀."

"Adìẹ rẹ?" Kò gbójú sókè nínú ẹ̀gẹ́ tó ń bó. "Ìyàwó, níbo ni adìẹ rẹ sùn lánàá?"

"Níbí ni, mà."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Níbí náà ni, mà."

"Ṣé èmi ni mo lọ gbé e wá?"

"Rárá o."

"Ó dáa. Ibi tí adìẹ bá sùn sí, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀. Àbí wọn ò kọ́ yín nílé ìwé?"

Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá ilé ìwé kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ní Ìkálẹ̀ ó tún dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju báyìí lọ.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ìwé ìròyìn ló ń kà. Ó ní, "Adìẹ kan ṣoṣo náà lò ń pariwo lé lórí?" Ó sì ṣí ojú ewé kejì. Ó ti di olóògbé báyìí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó ń dá ẹjọ́ òkú, n kò sì ní fi ẹnu sí i.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ó fi ọrùn adìẹ sí i. Bí a bá ti tu ìyẹ́ adìẹ tán, kò sí ọrùn tó yàtọ̀ sí èkejì. Èmi dá ọrùn náà mọ̀. Ọkọ mi jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà mo di olùkọ́, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nípa ohun ẹlẹ́mìí, láti ilé ìwé kan dé òmíràn ní ìpínlẹ̀ yìí. Mo ya inú adìẹ sójú pátákó títí tí mo fi lè yà á láìwo ìwé. Ó yẹ kí n di ọ̀gá àgbà, wọn kò fi mí ṣe é. Ọkùnrin tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá lé mi lórí gbà pé adìẹ kò lè yé ẹyin bí kò bá sí àkùkọ nítòsí. Mo ṣàlàyé fún un níwájú gbogbo olùkọ́ pé yóò yé, pé ẹyin náà ni kò ní pa. Láti ọjọ́ náà, ìwé ìgbéga mi kò kúrò lórí tábìlì rẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ pé ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ báyìí, kò sì rántí orúkọ ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ṣì rántí pé àkùkọ pọn dandan.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí ilé ọkọ mi ní Ìkọ̀yà, nítorí òun nìkan ni ilé tí a kọ́ tán. Owó ìfẹ̀yìntì ń wá nígbà tó bá rántí ọ̀nà. Ọmọbìnrin mi ní kí n wá máa gbé pẹ̀lú òun ní Ìbàdàn. Mo bi í pé kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa sinmi, Mọ́mì." Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé ẹni tó ní ọmọ kéékèèké. Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi lórí ẹyin. Mo pinnu pé adìẹ ni n ó máa sìn, adìẹ ìbílẹ̀, tí kò ní gba owó tí n kò ní.

Alàgbà kan wà ní ìjọ wa, tó ti ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Ode-Irele rí. Ó gbọ́, ó sì wá gbà mí nímọ̀ràn láìjẹ́ pé mo bi í.

"Tíṣà, adìẹ ìbílẹ̀ kẹ̀? Adìẹ ágíríìkì ni kí ẹ sìn. Adìẹ ìbílẹ̀, iṣẹ́ àwọn tí kò lówó ni."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ìdí tí mo fi mú un náà nìyẹn."

Ó kó adìẹ ágíríìkì ẹgbẹ̀rún dé sí ilé tó ní iná mànàmáná nígbà tí iná mànàmáná bá wà. Lùkúlùkú wọ ibẹ̀ nígbà ọyẹ́, ó sì gbá gbogbo wọn lọ. Ìyẹn ni àrùn tó ń mú kí adìẹ yí ọrùn sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Adìẹ tèmi kò kú, nítorí mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Òkìtìpupa, mo gba oògùn tí a ń kán sí wọn lójú. Ní Kérésìmesì, alàgbà rán ìyàwó rẹ̀ wá ra adìẹ lọ́wọ́ àwọn tí kò lówó. Iye tí mo pè ni ó san.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré ju ìtàn mi lọ. Kí n tó ní adìẹ tí mo lè tà fún alàgbà, mo kọ́kọ́ ní láti ní adìẹ.

N kò rà wọ́n lọ́jà, nítorí adìẹ ọjà ti bá gbogbo àrùn ìlú pàdé nínú agbọ̀n kan náà. Ilé dé ilé ni mo ti rà wọ́n, méjì lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀ ní Àjàgbà, mẹ́ta lójú ọ̀nà Ode-Irele, níbi tí mo ti lè rí ìyá wọn àti ilẹ̀ tí wọ́n ń tan. Ibòmíràn ni mo ti ra àkùkọ, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yóò máa gun ara wọn. Igi ọparun ni mo fi kọ́ ilé wọn, páànù àlòkù ni mo fi bò ó. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo sá gbẹ, ikán tí mo ń wà lẹ́yìn ilé, àti pàǹtí ẹkùrọ́ tí àwọn tó ń ṣe àdín ń dà nù. Ilé náà dára. Bí ìwé ṣe sọ ni mo ṣe kọ́ ọ: afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde.

Mo fi aṣọ ìlékè mi àtijọ́, aláwọ̀ òfeefèé, ya ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, mo so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Mo so wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ilé ọparun náà kí wọ́n mọ ilé. Nígbà tó tó, mo tú wọn sílẹ̀ ní òwúrọ̀. Wọ́n jẹ̀ káàkiri àgbàlá mi ní gbogbo ọjọ́ náà, inú mi sì dùn. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gba iwájú ilé ọparun mi kọjá bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọ́n sì wọ ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó ni òun náà báyìí, orúnkún rẹ̀ ti le. Kò sí ẹni tó ń bá a gbé mọ́, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, wọ́n sì máa ń ṣe ìlérí dáadáa. Ó ń wo àwọn adìẹ mi bí wọ́n ṣe ń wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ó wí fún wọn. "Ṣé dáadáa lẹ dé? Ẹ gòkè, àyè wà."

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Adìẹ mi ni wọ́n o."

"Ta ló sọ pé kì í ṣe adìẹ rẹ?"

"N ó wá kó wọn láàárọ̀."

"Ìyàwó," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, "o ti pẹ́ nílé yìí. O mọ bí a ṣe ń sọ ọ́."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo wọlé, n kò jẹun. Gbogbo ohun tó kù mí lọ́wọ́ láyé ni mo fi ra àwọn adìẹ yẹn, bí mo bá sì pàdánù wọn, Ìbàdàn ló kàn, láti máa sinmi. Mo tún rántí ọrùn adìẹ nínú ọbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kì yóò jẹ adìẹ mi lẹ́ẹ̀kejì, àti pé kí ọ̀kan nínú wa tó kú, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí lórí ti àkọ́kọ́.

Ní òwúrọ̀ mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Àgbàlagbà ni, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, àfi bí ohun tí wọ́n ń sọ bá wù ú láti gbọ́. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

"Kí lẹ̀ ń jà sí?"

"Adìẹ ni, Bàbá," mo wí. "Adìẹ mi ń sùn nílé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Mo so ọ̀já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀rí wà."

"Ọ̀já!" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. "Ta ni kò lè so ọ̀já? Bí mo bá so ọ̀já mọ́ ìwọ náà lẹ́sẹ̀, ṣé o ti di tèmi nìyẹn?"

Bàbá ronú. Ó ní, "Ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìyàwó yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ti sọ ọ́ nínú agbo ilé yìí pé ibi tí adìẹ bá sùn sí, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Mo rántí adìẹ ọ̀hún dáadáa. Ó lọ́ràá."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé wọ́n bu ọbẹ̀ fún òun náà.

"Òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Lọ́jọ́ tó bá kún, n ó gbé àga mi wá sí àgbàlá yín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ so adìẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé adìẹ. Ẹni tí adìẹ bá wọ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló ni ín títí láé."

"Adìẹ ìyàwó nìkan ni, Bàbá?" mo bi í.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló dá mi lóhùn. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń ta ọrẹ. "Gbogbo adìẹ àgbàlá ni, Bàbá. Kí wọ́n má sọ pé mo yọ tèmi sílẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. Ó gbọ́ ìyẹn ketekete.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú àgbàdo. Mo ń dà á sílẹ̀ nínú ilé ọparun ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á nu ẹnu sí ilẹ̀, wọ́n á sì lọ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó ń kí wọn káàbọ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń rí i pé mo gbọ́.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé láìmọye ìgbà pé kí wọ́n wo nǹkan dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo gbé àga síta, mo wo. Mo rí i pé nílé ìdáná yẹn, orí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà pupuru ni àwọn adìẹ ń bà sí, níbi tí èéfín ti ń gba ara wọn kọjá. Wọ́n á ṣí apá wọn díẹ̀ sí èéfín náà, bí àgbàlagbà tó ń yáná. Mo lọ wo igi tí mo tò fún wọn nínú ilé tèmi. Mo fi ìka yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ ti kún ibẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ìwé sì ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde, pẹ̀lú otútù òjò. Èmi náà kò bá ti sùn síbẹ̀.

Èéfín tó ń lé kòkòrò ni àwọn adìẹ ń fẹ́, pupuru ló sì ń mú èéfín wá. Láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ni n kò ti ṣe pupuru. Rírà ni mo ń rà á, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ìyàwó àwọn mọ ìwé, pé kò mọ iná. Mo ra ẹ̀gẹ́. Mo bó o, mo rẹ ẹ́, mo yọ okùn rẹ̀, mo mọ ọ́n. Mo fi ewé ọ̀pẹ bo ẹ̀gbẹ́ ilé ọparun mi kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé mọ́, mo gbé àjà sí àárín rẹ̀, mo dá iná sí ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ dúró lójú ọ̀nà.

"Màmá Tíṣà! Ṣé wọ́n ti fún yín ní ìgbéga ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka iná."

"Ẹ kú ìnáwó èéfín o! Ojú yín ti pọ́n!"

"Ẹ máa lọ sílé yín."

Pupuru àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìta rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ tutù. Àwọn adìẹ kò wò ó. Èéfín ni wọ́n wá bá. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àgbébọ̀ pupa kan dúró láàárín àgbàlá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wọlé sọ́dọ̀ mi. N kò kí i káàbọ̀. N kò fẹ́ kó rò pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

Igi ìdáná ló wá kù. Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi ọkadà gbé igi gbígbẹ wá fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi láti oko, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ṣẹ́gi mọ́. Òjò ti pọ̀, igi gbígbẹ sì ti wọ́n. Mo dá a dúró lójú ọ̀nà.

"Màmá, ti ìyá tó wà níwájú ibẹ̀un ni o."

"Ṣé wọ́n ti sanwó rẹ̀?"

"Rárá, bí mo bá já a ni wọ́n ń san."

"Já a síbí."

N kò jí igi. Rírà ni mo rà á. Mo sì ń rà á bẹ́ẹ̀ títí òṣùpá fi kún. Ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń tutù díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ tó ń fẹ́ iná sí igi tútù, tó ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ tí òṣùpá kún, Bàbá gbé àga rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọ ìró tó dára, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ìyá ìyàwó. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àwọn adìẹ mi wọlé sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti mọ ọ̀nà. Mo rò pé ó ti tán. Àfi bí àwọn adìẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe jáde láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Àgbébọ̀ dúdú ló ṣáájú, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n dé ẹnu ilé ìdáná tirẹ̀, wọ́n yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n sì yí padà.

"Kọ̀ọ̀kọ̀ kọ̀ọ̀kọ̀!" ló ń pè wọ́n. "Ibo lẹ̀ ń lọ? Ẹ̀yin aláìmoore yìí!"

"Má pe adìẹ," ni Bàbá wí.

Àkùkọ rẹ̀, tó ń jí i láràárọ̀ láti bí ọdún mélòó kan, ló kẹ́yìn. Ó dúró pẹ́ láàárín àgbàlá. Ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bá ẹgbẹ́ lọ.

Bàbá dìde. "Ó tán. Ibi tí adìẹ bá sùn sí."

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo lójú," ni ó wí. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bàbá sún mọ́ mi. "Ìyàwó wa, o kò ní fún mi ní ọ̀kan níbẹ̀?"

"Bí wọ́n bá dàgbà, Bàbá."

"Wọ́n ti dàgbà."

"Bàbá, etí mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́."

Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ náà gbèrú. Bí àgbébọ̀ mélòó kan bá pa ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà, mo máa ń kó gbogbo òròmọdìẹ sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn yòókù lè tètè padà sí ẹyin yíyé. Adìẹ kì í ka ọmọ. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Òkìtìpupa, tí wọ́n ti ìlú mìíràn wá, ń rán ènìyàn wá rà wọ́n, wọ́n ní adìẹ ìbílẹ̀ ní adùn. Wọ́n ń ra pupuru náà pẹ̀lú. Àgbébọ̀ dúdú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń tọ́ ọmọ jù nínú gbogbo wọn. N kò dá a padà. Kò sì sọ pé kí n dá a padà.

Ohun tó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mi.

"Mo wá wo àwọn adìẹ mi ni."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Adìẹ ta?"

"Mo wá wò wọ́n ni mo wí." Ó wo àjà. "Iná rẹ yìí ti pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe ń jó pupuru nìyí. Fa igi yẹn sẹ́yìn."

Mo fà á sẹ́yìn. Pupuru ọjọ́ náà dára. N kò sọ fún un.

Láti ìgbà náà kò pa ọjọ́ kan jẹ. Bí iná ilé rẹ̀ ti kú, kò tún dá a mọ́. Oúnjẹ tí mo bá sè ló ń jẹ, ó sì ń sọ pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó máa ń di ògiri mú lọ sí ilé rẹ̀, èmi á sì máa gbọ́ bí ó ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé kò fẹ́ wá fúnra rẹ̀, mo bi í léèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, adìẹ ìyá mi ńkọ́?"

"Èwo?"

"Aláwọ̀ eérú. Èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn."

Ó na ọwọ́ sí iná. "Ìyàwó, adìẹ tí a ti jẹ láti ayé àná. Ṣé o fẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde ni?"

Mo tún bi í nígbà ọyẹ́. Ó ní òun kò rántí adìẹ kankan. Mo bi í nígbà àkọ́rọ̀ òjò. Ó ní ọrùn adìẹ náà le, pé òun kò mọ ìdí tí inú mi fi ń bí sí ọrùn. Ó rántí, nígbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù tó kọjá, òjò rọ̀ láti ọ̀sán, kò dá bọ̀rọ̀. Àwọn adìẹ ti gòkè, tèmi àti àwọn tó jẹ́ tirẹ̀ rí, wọ́n fara ti ara wọn lórí igi, ojú wọn ti ń pa dé. Òjò dá díẹ̀. Mo dúró kó dìde. Kò dìde.

Mo ní, "Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ń wo òkè, ó ń wo àwọn adìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi kan àkùkọ tó ń jí i rí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà ìyàwó mi ló ń bọ̀. Mo tún ìró mi ró. Ó ti àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ògiri, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì yíjú sí mi.

"Ìyàwó," ó wí, "ibi tí adìẹ bá sùn sí, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀. Lọ gbé ẹní wá fún mi."